Fíláàṣì ńlá kan tàbí kéékèèké mẹ́ta fún yàrá kékeré? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́ Ayàwòrán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Àwòrán ojú ènìyàn ni mo ń yà jù, mo sì tún máa ń ya bàtà, báàgì àti ìlẹ̀kẹ̀ fún àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ni mo fi ń ṣiṣẹ́ látẹ̀yìnwá, pẹ̀lú fíláàṣì kékeré tó ń jókòó sórí kámẹ́rà. Fèrèsé dára gan-an, ṣùgbọ́n tí ojú ọjọ́ bá ti ṣú, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Tí oníbàárà bá sì fẹ́ wá ní alẹ́, mo ní láti ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Mo ti tọ́jú owó díẹ̀, nǹkan méjì ló sì wà níwájú mi. Àkọ́kọ́ ni àpótí kan tí fíláàṣì mẹ́ta wà nínú rẹ̀, 150 Ws (watt-second, òṣùwọ̀n agbára fíláàṣì) ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi softbox kéékèèké (àpò aṣọ tó ń mú kí ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì fẹ̀ kó sì rọ̀) àti ẹsẹ̀ iná tì í. Èkejì ni fíláàṣì ẹyọ kan ṣoṣo, 400 Ws, tí màá ra softbox ńlá kan sí. Owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Yàrá tí mo ń lò jẹ́ mítà 3 sí mítà 4, àjà rẹ̀ ò ju mítà 2.5 lọ, ògiri rẹ̀ funfun.

Mẹ́ta yẹn ló ń wù mí, nítorí gbogbo fídíò tí mo ń wò ni wọ́n ti ń gbé iná kan síwájú, ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan sẹ́yìn. Ohun mìíràn tó ń dà mí láàmú ni pé àwọn tí mo ń yà dúdú dáadáa. Tí fíláàṣì bá ti bà wọ́n, iwájú orí àti imú á máa dán bí ẹni fi òróró pa á, ìyókù ojú á sì ṣókùnkùn. Ṣé iná tó lágbára jù ló ń fà á?

Bàbá Sítúdíò

Àdùkẹ́, o kú iṣẹ́. Ẹyọ kan yẹn ni kí o rà.

Jẹ́ kí n ti ibi dídán yẹn bẹ̀rẹ̀, nítorí òun gan-an ló máa jẹ́ kó yé ọ. Agbára kọ́ ló ń fà á, bí iná náà ṣe kéré sí ni. Awọ dúdú máa ń gba ìmọ́lẹ̀ sára, díẹ̀ ló ń jáde padà láti inú rẹ̀. Ohun tí kámẹ́rà ń rí jù ni èyí tó bà á lójú awọ tó sì ta padà. Ibi tó ń dán níwájú orí oníbàárà rẹ, àwòrán fíláàṣì rẹ gan-an nìyẹn. Ojú fíláàṣì orí kámẹ́rà ò fẹ̀ ju ìka mélòó kan lọ, ìdí nìyẹn tí àmì rẹ̀ fi kéré tó sì mú. Tí o bá fi softbox tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 120 sílé, tí o sì gbé e súnmọ́ ẹni náà, àmì yẹn á fẹ̀, á rọ̀, á máa ṣàn láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé àgbọ̀n. Dídán náà ò ní lọ pátápátá, má sì jẹ́ kó lọ. Òun ló ń fi hàn bí egungun ojú ṣe tò. Ẹni tó bá fi àtíkè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ ti ba ẹwà awọ dúdú jẹ́.

Láti mọ bó ṣe yẹ kó súnmọ́ tó, bí softbox bá ṣe fẹ̀ tó ni kí o fi jìnnà sí ojú ẹni náà. Èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 120, gbé e sí nǹkan bíi mítà kan. Tí o bá gbé e lọ sí mítà mẹ́ta, ó ti di iná kékeré padà nìyẹn, bó ti wù kó tóbi tó lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn softbox inú àpótí mẹ́ta yẹn kì í sábà fẹ̀ ju 60 lọ. Iná kéékèèké mẹ́ta á fún ọ ní ibi dídán mẹ́ta, òjìji mẹ́ta, o ò sì ní mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ń bà á jẹ́.

Ṣọlá Onílẹ́ńsì

Bàbá ti sọ ọ́. Mo kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ agbára kún un, nítorí ibẹ̀ ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí ti ń ṣi èèyàn lọ́nà.

Ẹ má wo bí fíláàṣì ṣe lè lágbára tó nìkan, ẹ wo bó ṣe lè rẹlẹ̀ tó. Láti 150 Ws dé 300 Ws, stop kan péré ni (stop kan ni kí ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì tàbí kó dín sí ìdajì), 400 ò sì fi ìdajì stop ju ìyẹn lọ. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ò pọ̀ tó bí ojú ṣe ń rò ó. Àmọ́ nínú yàrá mítà 3 sí 4, agbára kíkún ò ní wúlò fún yín lọ́pọ̀ ìgbà. Tí ẹ bá fẹ́ la ojú lẹ́ńsì gbàgà dé f/2.8 kí ohun tó wà lẹ́yìn ẹni náà lè rọ̀, iná tó kéré gan-an lẹ nílò. Ọ̀pọ̀ fíláàṣì 400 Ws tó dára lè lọ sílẹ̀ dé 1/128 agbára rẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi 3 Ws. Àwọn kan wà nínú àwọn tó rọjú tí wọn kì í lọ sílẹ̀ ju 1/8 lọ. 150 Ws ní 1/8 ṣì ń tan nǹkan bíi 19 Ws! Èyí tí wọ́n ń pè ní kékeré ni kò lè kéré. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn.

Ẹ tún wo ẹnu fíláàṣì tí softbox ń wọ̀. Ẹ rí i dájú pé irú ti Bowens, ilé iṣẹ́ oníná kan, ni. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé ní 2017, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe ẹnu yẹn dòní, ohun tí ẹ bá rà lónìí á sì wọ fíláàṣì tí ẹ máa rà lọ́la.

Ìyá Ìbejì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Kí ló dé tí kò kàn ra iná LED tó ń tàn síbẹ̀? Ohun tó bá rí náà ló máa yà. Èmi ń fi ya àwọn ọmọdé, mo sì ń fi ya fídíò.

Ṣọlá Onílẹ́ńsì

Ìyá Ìbejì, ẹ ò jẹ̀bi rárá. Fún fídíò, LED ni. Fún bàtà àti ìlẹ̀kẹ̀ tí kì í mira náà, ó tó, ẹ kàn máa fi kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ ni, kí ṣọ́tà (ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀) pẹ́ díẹ̀ kó tó padé.

Ojú ènìyàn ló le. LED 100 watt, tí ṣọ́tà bá ṣí fún 1/125 ìṣẹ́jú-àáyá, agbára tó lò láàárín àkókò yẹn ò ju 0.8 Ws lọ. Fíláàṣì máa da 400 Ws jáde kí ojú tó ṣẹ́. Lóòótọ́, LED kì í fi agbára ṣòfò tó fíláàṣì, àmọ́ àlàfo yẹn ò ṣeé dí. Ẹ máa ní láti gbé ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí) sókè tàbí kí ẹ la lẹ́ńsì gbàgà, iná tó ń tàn sí èèyàn lójú láìdáwọ́ dúró á sì mú kó máa di ojú.

Àdùkẹ́ Ayàwòrán

Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá, ẹ̀gbọ́n Ṣọlá, Ìyá Ìbejì. Ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní 400 Ws àti softbox rẹ̀ kí n fi dán an wò. Ojú dára! Dídán yẹn ti rọ̀ bí Bàbá ṣe sọ. Nǹkan méjì ló ṣẹ́kù. Nígbà tí mo gbé ìyára ṣọ́tà lọ sí 1/500 kí àwòrán má baà mì, ìsàlẹ̀ àwòrán dúdú, bí ẹni fi pátákó dí i. Ìkejì, ògiri funfun yẹn ń di eérú, kò funfun mọ́.

Kọ́lá Oníná

Ti dúdú yẹn, ṣọ́tà ni. Aṣọ méjì ló wà nínú ṣọ́tà kámẹ́rà yín: ọ̀kan ń ṣí, èkejì ń tẹ̀lé e láti pa á dé. Tí ìyára bá ti pọ̀ jù, èkejì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ kí àkọ́kọ́ tó kúrò tán. Kò sí ìgbà kankan tí gbogbo ojú rẹ̀ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Fíláàṣì ní tirẹ̀, ó bùyẹ̀rì, ó tán. Ibi tí aṣọ bò ni ẹ rí tó dúdú yẹn. Tí ẹ bá ń lo fíláàṣì, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kì í kọjá 1/160 sí 1/250. Ẹ fi í sí 1/125, ọkàn yín á balẹ̀.

Ẹ má sì bẹ̀rù pé àwòrán á mì. Nínú yàrá, ṣọ́tà kọ́ ló ń dá èèyàn dúró, fíláàṣì fúnra rẹ̀ ni, nítorí ó yára ju ṣọ́tà yín lọ dáadáa. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ pa fíláàṣì, ẹ fi kámẹ́rà sí ISO 100, f/8, 1/125, kí ẹ ya àwòrán kan. Tó bá dúdú kirikiri, iná ilé ò bá yín dá sí i. Tí ẹ bá ṣì rí nǹkan níbẹ̀, ẹ pa iná àjà, ẹ fa aṣọ fèrèsé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, tìtorí iṣẹ́ mi ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹ má tú inú fíláàṣì láéláé, kódà tí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò nínú iná. Kapásítọ̀ inú rẹ̀ ń tọ́jú agbára tó lè pa ènìyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fún yín ní fíláàṣì àtijọ́, ẹ má fi wáyà so ó mọ́ kámẹ́rà òde òní. Àwọn kan nínú wọn ń rán ju 200 volt gba ojú wáyà yẹn.

Bàbá Sítúdíò

Kọ́lá, o ṣeun. Àdùkẹ́, ti ògiri tó di eérú yẹn, ìjìnnà ló fà á. Tí ìmọ́lẹ̀ bá rin ìlọ́po méjì ọ̀nà, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ló ń débẹ̀. Iná rẹ wà ní mítà kan sí ojú, tí ògiri bá wà ní mítà méjì sí iná yẹn, stop méjì ló ti já sílẹ̀. Tí ògiri bá wà ní mítà mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ló kù.

Má wò ó bí àléébù. Ohun èlò ni. Ògiri kan náà yẹn lè jẹ́ funfun, eérú tàbí dúdú fún ọ, láì kùn ún. Fẹ́ kó mọ́lẹ̀ sí i? Sún ẹni náà mọ́ ògiri, kí o fa iná sẹ́yìn díẹ̀. Fẹ́ kó ṣókùnkùn? Fà á kúrò lára ògiri, sún iná mọ́ ọn. Àfi tí o bá fẹ́ funfun báláú fún ọjà nìkan ni wàá nílò fíláàṣì kejì tó dojú kọ ògiri, ìyẹn ṣì lè dúró.

Àjà rẹ ló kù. Softbox 120 nínú yàrá mítà 2.5, àárín rẹ̀ ò lè kọjá mítà 1.9 láti ilẹ̀. Ẹni tó ga tó bá dúró, iná á wà ní ọ̀gangan ojú rẹ̀, ojú á pẹlẹbẹ. Jẹ́ kí wọ́n jókòó sórí àpótí. Iná á wá lè ga ju ojú lọ, kó wá láti ẹ̀gbẹ́ kan, kó sì dorí kodò díẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, gbé pátákó funfun súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí òjìji má baà jin jù. Fún àwọn tó dúdú gan-an, pátákó yẹn ni kí o máa sún síwá sẹ́yìn, má kàn máa fi agbára iná kún un. Tí o bá fi agbára kún un, ibi tó ń dán ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́.

Àdùkẹ́ Ayàwòrán

Ó ti yé mi, Bàbá. Ẹyọ kan náà ni màá rà. Bàtà aláwọ dídán ńkọ́? Mo ń rí gbogbo softbox lára rẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Èyí ni mo mọ̀ dáadáa. Gbé softbox sókè sẹ́yìn bàtà, kó dorí kodò díẹ̀, kó lè tàn wá síwájú. Funfun rẹ̀ á wá fi ìlà gígùn kan tò sára bàtà náà, ìlà yẹn ló ń jẹ́ kí awọ dà bí awọ. Gbé pátákó funfun síwájú, ní ìsàlẹ̀ lẹ́ńsì. Tí etí bàtà bá ń sọnù sínú funfun, fi páálí dúdú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibi tí kámẹ́rà ò ti ní rí i, etí náà á yọ padà.

Ṣọlá Onílẹ́ńsì

Tí ẹ bá ń ra fíláàṣì yẹn, ẹ ra ẹ̀rọ tí ń tan án láti orí kámẹ́rà ní ilé iṣẹ́ kan náà. Ẹ ó lè yí agbára padà láti ibi tí ẹ dúró sí, kò ní sí pé ẹ ń rìn lọ rìn bọ̀ nídìí softbox ní gbogbo ìgbà. Ẹ sì gbé àpò iyanrìn lé ẹsẹ̀ iná. Softbox 120 wúwo lókè.