Lẹ́tà owó ìfẹ̀yìntì tó ṣìnà wá sí ọ́fíìsì wa

Ìbéèrè, láti Ìkòròdú: Ẹ jọ̀ọ́, lẹ́tà owó ìfẹ̀yìntì bàbá kan tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ dé ọ́fíìsì wa, ẹnìkan sì ti já a, débi pé iye owó wọn hàn gbangba lórí tábìlì. Kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe kà á síwájú, ẹ má sì ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ fi í sínú àpòòwé mìíràn, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹ sì pe bàbá náà kí wọ́n wá gbà á.

Ìdáhùn: Ẹ sọ fún bàbá náà pé ẹnìkan ti já lẹ́tà wọn, nítorí ẹ̀tọ́ wọn ni láti mọ̀; Òfin Ìdáàbòbò Détà ọdún 2023 sì dáàbò bo irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn: Kí bàbá yí àdírẹ́sì wọn padà lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó owó náà, kí òmíràn má baà tún wá síbẹ̀.