Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kẹ̀kẹ́ triathlon tuntun ni kí n rà àbí àlòkù?

Ọmọ Odò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Èmi ò bẹ̀rù omi láti kékeré. Nínú eré ìje triathlon tí mo ṣe kẹ́yìn, níbi tí a ti ń lúwẹ̀ẹ́, ká gun kẹ̀kẹ́, ká tún sáré, mo wà lára àwọn mẹ́wàá tó kọ́kọ́ jáde nínú odò. Inú mi ń dùn ṣìnkìn. Bí mo ṣe gorí kẹ̀kẹ́ báyìí ni nǹkan yí padà. Àwọn tí mo fi sílẹ̀ sẹ́yìn nínú omi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, fìì, fìì, bí ẹni pé wọ́n so mí mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣe ìdánrawò tún bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Kẹ̀kẹ́ ìyá àgbà wo lo gbé wá?" Ó ti di oṣù mẹ́ta, wọn ò tíì yéé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó mi tí mo rò pé á gbè mí, òun náà ní ẹsẹ̀ mi ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe.

Mo ti tọ́jú owó. Kẹ̀kẹ́ méjì ló wà nílẹ̀, owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èkíní tuntun, ó ní wárántì, ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ ló rẹlẹ̀ jù nínú ìran rẹ̀. Èkejì àlòkù, ó ti lo ọdún 6, kábọ́ọ̀nù tó fúyẹ́ ni látòkè délẹ̀, gíà oníbátìrì, ó dúdú minimini. Mo fọwọ́ pa á, ọkàn mi sì fà sí i. Èwo ni kí n mú? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n má rà rárá. Mo ti pinnu.

Bàbá Ṣéènì:
Ẹ ò tíì sọ ohun tó ṣe kókó. Báwo lẹ ṣe ga tó? Férémù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn egungun kẹ̀kẹ́, ìwọ̀n mélòó ni? Irú eré ìje wo lẹ sì fẹ́ fi ṣe?

Ẹsẹ̀ Ò Gbélé:
Tuntun ni, ẹ má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àlòkù ni mo kọ́kọ́ rà, ojú mi rí nǹkan. Òógùn ló ń pa kẹ̀kẹ́ triathlon, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Tí èèyàn bá fi ìgbọ̀nwọ́ sùn lé aero bar, ìyẹn ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó yọ síwájú, gbogbo òógùn iwájú orí rẹ̀ àti ohun dídùn tó ń mu ló ń kán sórí àwọn bóòtù ìdè tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Nígbà tí mo ṣí ìrọ̀rí ìgbọ̀nwọ́ tèmi, ìyẹ̀fun funfun ni mo bá lábẹ́ rẹ̀, orí bóòtù ti jẹ dànù, irin ìtúdè ò rí ibi mú. Òpó ìjókòó náà ti lẹ̀ mọ́ inú férémù, kò ròkè, kò rodò.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi tiyín dẹ́rù ba èèyàn. Àlòkù ni tèmi, ó ti pé ọdún 4 lọ́wọ́ mi. Òun ni mo gùn ní kílómítà 180 Ironman, eré triathlon ọlọ́nà jíjìn, mo sì bọ́ sílẹ̀ sáré kílómítà 42.2. Àmọ́ mi ò dá lọ rà á o, mo mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání. Ó fi owó ẹyọ lu férémù díẹ̀díẹ̀ láti ọrùn dé ìdí, ó ń tẹ́tí. Ó ní tí a bá dé ibi tí ohùn rẹ̀ ti kú, ká yáa máa lọ. Ó tún fi ìwọ̀n wo ṣéènì, torí èyí tó bá ti fà ju 0.75 nínú 100 lọ á ti máa jẹ eyín gíà.

Ẹsẹ̀ Ò Gbélé:
Owó ẹyọ ò rí inú. Kábọ́ọ̀nù lè là nínú kí ọ̀dà ìta má yẹ̀. Wárántì sì rèé, ẹni tó kọ́kọ́ rà á ló sábà máa ń wà fún.

Ìyá Ìbejì:
Tuntun náà ń là tó bá ṣubú, ẹ̀gbọ́n.

Ọmọ Odò:
Ẹ ṣeun. Ẹni tó ń tà á ní kò ní jàǹbá rí. Ó kàn wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi tí wọ́n fi í ti ògiri, ó sì ha díẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, ó fara balẹ̀ dá mi lóhùn.

Bàbá Ṣéènì:
Ibo ló ti ha? Ẹ fi ìka tẹ ibẹ̀, tó bá rọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Mo tún ń bi yín o, báwo lẹ ṣe ga tó?

Kò Sí Ìkánjú:
Àbúrò, má bínú sí mi. Afẹ́fẹ́ lò ń bá jà lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ara rẹ ló sì ń gba afẹ́fẹ́ náà jù, kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Wá aero bar tí wọ́n ń dè mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, dè é mọ́ èyí tó o ní, kí o máa gùn ún dáadáa. Lẹ́ẹ̀melòó lò ń gùn ún lọ́sẹ̀?

Ọmọ Odò:
Ẹ̀gbọ́n, mo ti bẹ̀ yín ṣáájú pé kí ẹ má sọ èyí. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, iṣẹ́ ò jẹ́. Bàbá Ṣéènì, ẹ má bínú pé mi ò tètè dáhùn. Sẹ̀ǹtímítà 168 ni mo ga. 56 ni ìwọ̀n férémù tí wọ́n kọ sára àlòkù náà. Ẹni tó ń tà á ní tí mo bá sọ ìjókòó kalẹ̀, á bá mi mu.

Bàbá Ṣéènì:
Háà! Ìjókòó lè wálẹ̀, ṣé iwájú kẹ̀kẹ́ á wá sún mọ́ yín ni? Ẹ ó máa na ọwọ́ gbọọrọ bí ẹni ń wá nǹkan lábẹ́ ibùsùn. Èjìká á máa ro yín, ọrùn á gan, bẹ́ẹ̀ ẹ ṣì ní láti sáré. Ìdí tí wọ́n fi gbé ìjókòó kẹ̀kẹ́ triathlon síwájú ni kí itan lè ráyè, kí ẹsẹ̀ má kú kó tó di eré sísá. Férémù tó bá tóbi jù yín lọ á ba gbogbo ìyẹn jẹ́. Tuntun ńkọ́, ìwọ̀n mélòó?

Ọmọ Odò:
Mi ò béèrè. Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di ńlá jù. Eré tó ń bọ̀ yìí ò gùn: mítà 750 nínú omi, kílómítà 20 lórí kẹ̀kẹ́, 5 fún ẹsẹ̀. Irú èyí tí mo ṣe lọ́jọ́sí náà ni, tí wọ́n gbà ká tò tẹ̀ léra, ká máa gba ẹ̀yìn ara wa kí ẹni iwájú lè máa bá wa gé afẹ́fẹ́. Ohun tó ń dùn mí jù tiẹ̀ nìyẹn, mi ò rí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni dì mọ́ torí kẹ̀kẹ́ mi.

Arìnnà Òwúrọ̀:
Ẹ dúró ná. Wọ́n gbà kí ẹ máa gba ẹ̀yìn ara yín? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí èyíkéyìí nínú kẹ̀kẹ́ méjèèjì tí wọ́n máa jẹ́ kí ẹ gbé wọlé. Lábẹ́ òfin World Triathlon, àjọ tó ń darí eré yìí lágbàáyé, kẹ̀kẹ́ ojú títì tí ọwọ́ rẹ̀ ká bí ìwo àgbò ni wọ́n ń gùn nínú irú eré yẹn. Ẹni tó bá sùn lé aero bar láàrin èrò, ọwọ́ rẹ̀ jìnnà sí bíréèkì. Tí ẹni iwájú bá dúró lójijì, gbogbo wọn á ṣubú lu ara wọn. Ẹ lọ wo fọ́tò Òlímpíìkì Sydney lọ́dún 2000, ìgbà àkọ́kọ́ tí triathlon wọ ibẹ̀. Ìwo àgbò ni wọ́n gbé wá.

Ẹsẹ̀ Ò Gbélé:
Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Kẹ̀kẹ́ triathlon ni mo máa ń gùn, kò sẹ́ni tó dá mi dúró rí.

Ìyá Ìbejì:
Torí pé àdágùn ni eré tiyín. Nínú Ironman, àwa tí kì í ṣe iṣẹ́ wa, mítà 12 gbọ́dọ̀ wà láàrin wa àti ẹni iwájú, tí ẹ bá sún mọ́ ọn jù, ìyà wà ńbẹ̀. Irú ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ yẹn wúlò. Bàbá Ṣéènì bi í ní irú eré tó fẹ́ ṣe látìbẹ̀rẹ̀, àwa la fi ìjà bò ó mọ́lẹ̀.

Ọmọ Odò:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé òfin tí wọ́n fi ránṣẹ́ nígbà tí mo forúkọ sílẹ̀. Mi ò ṣí i rí. Ó wà níbẹ̀ kedere. Àyà mi já. Ohun tí mi ò sọ fún yín ni pé mo ti san ìdajì owó àlòkù yẹn lánàá, torí ọkùnrin náà ní ẹlòmíì ń bọ̀ wá wò ó. Ìyàwó mi ò tíì gbọ́. Kí ni kí n wí fún un?

Bàbá Ṣéènì:
Ẹ pe ọkùnrin tó ń tà á lálẹ́ òní, ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe é. Ẹ sọ pé férémù tóbi jù yín, eré yín ò sì gbà á. Tí ẹlòmíì bá ń fẹ́ ẹ lóòótọ́, kò yẹ kó ṣòro fún un láti dá owó yín padà. Ẹ sọ fún ìyàwó yín náà. Èyí tó wà nílé ńkọ́, ìgbà wo lẹ pààrọ̀ ṣéènì àti táyà rẹ̀ kẹ́yìn?

Ọmọ Odò:
Mi ò pààrọ̀ wọn rí, ọdún 5 rèé tí mo ti rà á. Táyà ẹ̀yìn ti tẹ́jú láàrin. Tí mo bá tẹ pẹ́dà líle, ṣéènì máa ń fò, kàǹ!

Bàbá Ṣéènì:
Ó ti jẹ eyín gíà nìyẹn. Ẹ pe ọkùnrin yẹn ná. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín síbi tí iná wà, ẹ ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ fún mi, kí n rí eyín rẹ̀ dáadáa.