Rẹ̀kọ́dà mi ní kí n fọ́máàtì òun, Mọ́mì sì ń bọ̀ ní Sátidé

Ìyá Ìbejì (Peckham), 10:47 alẹ́
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ta ló ṣì wà lójúfò? Rẹ̀kọ́dà Freeview wa (tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ tí áńtẹ́nà ń gbà), tí a ti ń lò láti ìgbà tí àwọn ìbejì ṣì ń rá, ló ń kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n báyìí pé òun kò rí hard disk, ibi tí ohun tá a gbà sílẹ̀ wà, pé ṣé kí òun fọ́máàtì ẹ̀. OK àti Cancel ló wà níwájú mi, ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí rimóòtù. Mọ́mì ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní Sátidé. Inú àpótí yìí ni ìròyìn tí wọ́n ti fi wọ́n hàn nígbà Jubilee Ọbabìnrin ní 2022 wà, tí wọ́n ń jó láàárín títì pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ ewé. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá péré ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí wọn ò tíì sọ fún ní ìjọ. Bàbá Ìbejì ní ká kúkú lọ ra tuntun, èyí tó ń gba HD, àwòrán tó mọ́ kedere, dáadáa. Èwo ni ká rà? Kí ni kí n tẹ̀?

Bọ̀dá Manchester
Ẹ tẹ OK jàre. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Mo tẹ OK, ó ń ṣiṣẹ́ bíi tuntun.

Àǹtí Leeds
Ẹ MÁ TẸ̀ Ẹ́! Ìyá Ìbejì, ẹ gbé rimóòtù yẹn sílẹ̀. Tó bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ jókòó lé e.
Bọ̀dá Manchester, ó ń ṣiṣẹ́ bíi tuntun, mo gbọ́. Kí ló ṣẹ́kù nínú ẹ̀?

Bọ̀dá Manchester
Kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Bàbá Kékeré (Croydon)
Ẹ ṣe sùúrù ná. Ìyá Ìbejì, Cancel ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ lára ògiri, ẹ ka ení èjì títí dé ọgọ́ta. Tẹ́ ẹ bá tún tàn án, ẹ gbé etí lé e lórí. Ṣé ó ń yí, àbí kẹ́, kẹ́, kẹ́ ló ń ṣe?

Àǹtí Leeds
Kí Ìyá Ìbejì tó dé, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọdún 2019 ni tiwa kú. Mo ní mo gbọ́n. Mo tú ìdí ẹ̀, mo yọ hard disk, mo ra wáyà tí wọ́n fi ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ní òfìfo ni, pé ṣé kí òun fọ́máàtì ẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà yẹn, ti tẹ Yes kí n tó pe orúkọ ẹ̀ tán. Nàìjíríà àti Argentina ti World Cup 2014 ló bá a lọ, èyí tí Musa ti gbá méjì wọlé. Ọkọ mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan yẹn.

Ọmọ Olúyọ̀lé (Birmingham)
Èyí tí wọ́n fi 3-2 lù wá? Kí ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ fún?

Àǹtí Leeds
Ẹ bi wọ́n.

Iná Kò Lọ (Houston)
Ọmọ yẹn ló jẹ̀bi. Ta ní ń tẹ Yes láìkà á?

Àǹtí Leeds
Kò jẹ̀bi o. Ẹni tó bá ti ka àdéhùn inú fóònù ẹ̀ dé ìparí kó tó tẹ Yes, kó jáde síta ká rí i.

Bàbá Kékeré (Croydon)
Bó tiẹ̀ jẹ́ No ló tẹ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan wò. Linux ni wọ́n fi ń to dísìkì inú ọ̀pọ̀ àpótí yìí. Windows inú kọ̀ǹpútà yín kò mọ̀ ọ́n, ìdí tó fi ń pè é ní òfìfo nìyẹn. Èyí tó burú jù ni pé ohun tẹ́ ẹ bá gbà sílẹ̀ ní HD, àpótí máa ń tì í pa, ara àpótí yẹn nìkan ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sì wà. Ẹ gbé dísìkì náà sínú àpótí mìíràn tó jẹ́ oríṣi kan náà, kò ní ṣí.

Bọ̀dá Manchester
Irọ́ ni. Àbúrò mi gbé tiẹ̀ láti inú àpótí kan sí òmíràn, ó sì ń wò ó.

Bàbá Kékeré (Croydon)
HD àbí SD, èyí tí àwòrán ẹ̀ kò mọ́ tó ti HD?

Bọ̀dá Manchester
Mi ò bi í.

Bàbá Kékeré (Croydon)
Ẹ bi í.

Bọ̀dá Manchester
Ẹni tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní aago mẹ́rin ìdájí, èmi ni kí n lọ jí i nítorí SD?

Àǹtí Leeds
Ẹ dúró ná. Ọdún mélòó ni ọkọ mi ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí gún ọmọ yẹn lára! Tó bá gbàgbé láti da ilẹ̀ nù, Argentina. Tó bá fìdí rẹmi, Argentina. Ẹ wá ń sọ fún mi pé ohun tó pa rẹ́ yẹn, kò ṣeé wò tẹ́lẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n gbé fóònù yìí lọ bá wọn ní yàrá.

Ìyá Ìbejì (Peckham)
Mo ti dé. Mo yọ ọ́, mo tún kì í bọ̀ ọ́. Ó dún fììì bíi pé ó fẹ́ yí, ó dákẹ́, ó ní kẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ìbejì ní bíi ọ̀kadà tí kò fẹ́ sítáàtì.

Bàbá Kékeré (Croydon)
Áà. Ó lè máà jẹ́ dísìkì ló ń kú o. Àdápítọ̀ tẹ́ ẹ kì bọ ògiri yẹn, tó bá ti gbó, iná ẹ̀ á tó láti tan àwọn nọ́ńbà iwájú, kò ní tó láti yí dísìkì. Bí tèmi ṣe ṣe gan-an nìyẹn. Mo ti ra àpótí tuntun £200 kí n tó mọ̀ pé ohun tí kò tó £15 ló bàjẹ́. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Peckham)
12V, 2A. Ṣé kí n fi ti dùùrù àwọn ìbejì dán an wò?

Bàbá Kékeré (Croydon)
Kí ni wọ́n kọ sára tiyẹn?

Ìyá Ìbejì (Peckham)
9V.

Bàbá Kékeré (Croydon)
Rárá o. 12V gan-an la fẹ́. Ti A yẹn lè ju 2 lọ, kò gbọdọ̀ dín. Ẹnu ẹ̀ náà gbọ́dọ̀ bá ihò ẹ̀ mu.

Ìyá Ìbejì (Peckham)
Ti ráútà ńkọ́? 12V, 1A.

Bàbá Kékeré (Croydon)
Kò tó. Ẹ ra tuntun lọ́la. Ìbéèrè kan ná: ìkànnì wo lẹ ti gba ìròyìn Mọ́mì yẹn sílẹ̀? 1 àbí 101?

Ìyá Ìbejì (Peckham)
1. Mo rántí, torí pé 101 la kọ́kọ́ tẹ̀, nígbà tí ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù dé, wọ́n gbé pátákó pupa síta pé ká lọ wò ó ní SD. Eré la sá padà.

Bàbá Kékeré (Croydon)
Ọpẹ́ ni! SD ni. Àwọn àpótí kan máa ń gbà kẹ́ ẹ da SD kọ sórí USB láìtì í pa. Tó bá ti jí, kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkankíǹkan, ẹ dà á kọ. Kẹ́ ẹ sì gbé fóònù yín síwájú tẹlifíṣọ̀n, kẹ́ ẹ ya fídíò ẹ̀ kún un. Kò ní dára lójú, ṣùgbọ́n gèlè á hàn.

Àǹtí Leeds
Mo ti dé láti yàrá. Wọ́n ní kò kan àwọn. Wọ́n ní Musa gbá méjì wọlé, ọmọ yẹn ló pa á.

Iná Kò Lọ (Houston)
Mo ti mọ̀.
Lórí ríra, ẹ má ṣe ohun tí mo ṣe o. Mo ra rẹ̀kọ́dà níbí ní Black Friday, mo gbé e wá fún ẹ̀gbọ́n mi ní Lewisham. Iná tàn, ohun gbogbo tàn, kò rí ìkànnì kan ṣoṣo. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi tẹlifíṣọ̀n ránṣẹ́ yàtọ̀: ATSC ni ti Amẹ́ríkà, DVB-T2 ni HD tiyín ń bá wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi fi ń gbé òdòdó lé.

Ọmọ Olúyọ̀lé (Birmingham)
Ìyá Ìbejì, iye tuner, ohun tó ń gba ìkànnì wọlé, lẹ máa wò. Mọ́mì á fẹ́ gba ètò orin ìyìn sílẹ̀, àwọn ìbejì á fẹ́ kátúùnù, Bàbá Ìbejì á fẹ́ bọ́ọ̀lù, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Manhattan T3-R ló wà nílé mi, tuner méjì ló ní. Humax Aura ní mẹ́ta. Kẹ́ ẹ má ra 500GB o, nǹkan bí wákàtí 125 ti HD ló ń gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í pa nǹkan rẹ́, á kún kí Mọ́mì tó padà sílé.

Bọ̀dá Manchester
Freesat, èyí tó ń fi díìṣì gba ìkànnì, ló dáa jù. Díìṣì ti wà lára ilé tẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ìyá Ìbejì (Peckham)
Fúláàtì kaúnsù la wà, ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá kan ìṣó mọ́ ara ògiri yẹn, ìwé á tẹ̀ lé e. Áńtẹ́nà la ní. Òpó tẹlifíṣọ̀n Crystal Palace gan-an ni mò ń wò láti ojú fèrèsé kíṣìnì.

Àǹtí Leeds
Òpó kékeré yẹn? Ẹ wá wo Emley Moor níbí. Ó lé ní mítà 300. Tiyín ò tó 220.

Ìyá Ìbejì (Peckham)
Lọ́ńdọ̀nù ni BBC ti bẹ̀rẹ̀ tẹlifíṣọ̀n ní 1936. Kò sí òpó kankan ní Leeds nígbà yẹn, àgùntàn ló wà níbẹ̀.

Iná Kò Lọ (Houston)
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń san owó láísẹ́ǹsì tẹlifíṣọ̀n lẹ́ ẹ wá ń ja ìjà òpó. A kì í san kọ́bọ̀ níbí. So áńtẹ́nà mọ́ fèrèsé, ó parí.

Bọ̀dá Manchester
Èmi ò san. Mi ò kì í wò ó lójú ẹsẹ̀. Mo ń gbà á sílẹ̀ ni.

Àǹtí Leeds
Bọ̀dá, gbígbà á sílẹ̀ náà wà nínú ẹ̀ o. Ẹ má sọ ọ́ jáde mọ́.

Bọ̀dá Manchester
Báwo la ṣe ń pa ọ̀rọ̀ tí mo kọ yẹn rẹ́?

Bàbá Kékeré (Croydon)
Ẹ tẹ OK.

Ìyá Ìbejì (Peckham)
Ẹ ti pa mí o! Ẹ̀rín ti jí àwọn ìbejì.

Bọ̀dá Manchester
Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Houston, ìwọ tó ń pe ara ẹ ní Iná Kò Lọ, ta ló ń sun àga tábìlì níbi ìdáná ní February 2021 nígbà tí yìnyín mú gbogbo Texas?

Iná Kò Lọ (Houston)
Ó lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbà tó dé, gbogbo wa níbi Bissonnet pariwo UP NEPA. Aládùúgbò mi ọmọ Mẹ́síkò bá wa pariwo ẹ̀, kò mọ ohun tó ń wí.

Ọmọ Olúyọ̀lé (Birmingham)
Ẹ̀yin ọmọdé. 1959 ni Ìbàdàn ti ní tẹlifíṣọ̀n. Èkó di 1962! Wọ́n kọ ọ́ sí i pé àkọ́kọ́ ní Áfíríkà.

Bàbá Kékeré (Croydon)
Àwọn ará Mòrókò máa bá yín jà.

Ọmọ Olúyọ̀lé (Birmingham)
Kí wọ́n wá sí Mọ́kọ́lá, a ń dúró dè wọ́n.
Àmọ́ ká sòótọ́, rẹ̀kọ́dà wo la ní nígbà yẹn? Ẹ bá mi rántí ẹni tó wà nídìí ọ̀pá oparun tí wọ́n gbé áńtẹ́nà kọ́. Èmi ni. Nínú òjò. Bàbá mi á máa pè láti pálọ̀: "Yí i! Ó kù díẹ̀! Ó ti dé! Háà, o ti yí i jù!" Tí mo bá fi máa wọlé, ìròyìn ti tán.

Àǹtí Leeds
Ẹ̀yin ní oparun. Bátìrì mọ́tò ni tiwa ní Ọ̀ṣogbo. Tí NEPA bá mú iná lọ, bàbá wa á tú bátìrì Peugeot wọlé, tẹlifíṣọ̀n dúdú-àti-funfun á tàn. Àwọn ọmọ àdúgbò á ti to ara wọn sójú fèrèsé láti aago mẹ́ta àbọ̀, wọ́n á máa wo àwọn ìlà tó máa ń dúró gbagidi títí di aago mẹ́rin. Ìlà lásán! Ẹnì kan kì í sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mọ́tò ò ní sítáàtì, gbogbo àwa tá a wò ó la máa tì í.

Iná Kò Lọ (Houston)
Mo ti rí òórùn pálọ̀ yẹn báyìí. Kẹrosíìnì àti dòdò.

Ìyá Ìbejì (Peckham), 12:31 òru
Ẹ jọ̀ọ́, a ò tíì sọ ọ́ tán o. Tuner méjì àbí mẹ́ta? Àbí kí n kọ́kọ́ ra àdápítọ̀ ná?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Aberdeen), 6:12 àárọ̀
Ẹ káàárọ̀ o. Mo ka gbogbo ẹ̀ tán nínú bọ́ọ̀sì. Ìyá Ìbejì, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n lẹ bá wá, ẹ má bínú. Ṣé àyè ṣì kù nínú ẹrù Mọ́mì? Ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n ń tà fún wa níbí, tí a bá rò ó, funfun ló ń jáde.

Ìyá Ìbejì (Peckham)
Wọn ò tíì di ẹrù. Kílò mélòó?