Ta ni omi tàbí oúnjẹ ti pá lórí rí? Ẹ wá sọ tiyín

Àbẹ̀kẹ́ Ọmọ Ọ̀yọ́
Ẹ kú ilé o. Bàbá mi ló jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Rọpárọsẹ̀ mú wọn lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, apá ọ̀tún ò tíì gbé dáadáa àmọ́ ọ̀rọ̀ ti ń yọ lẹ́nu wọn, a dúpẹ́. Omi ló ń já mi láyà. Wọ́n á jẹ àmàlà tán, kò ní sí nǹkan kan, àmọ́ bí wọ́n bá fi omi sẹ́nu báyìí, ikọ́ ni, ojú á pọ́n, omi á máa gba imú jáde. Omi lásán! Èmi rò pé oúnjẹ líle ló yẹ kó máa yọ èèyàn lẹ́nu. Ta ló ti rí irú ẹ̀ rí?

Ìyá Ìbejì
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún Bàbá lálàáfíà. Tèmi, gààrí ni. Mo ń mu gààrí tútù pẹ̀lú ẹ̀pà, ọmọ mi kan sọ ọ̀rọ̀ tó pa mí lẹ́rìn-ín, ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín yẹn ló ti wọlé. N ò rí èémí mí, etí mi ń hó. Àbúrò mi ló gbá mi lẹ́yìn, láàárín èjìká, kẹ́, kẹ́, kẹ́, ẹ̀pà kan ṣoṣo ló fò jáde. Látọjọ́ náà, ẹni tó bá ń jẹun nílé mi kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

Akin Ìjẹ̀bú
Ìyá tó bí mi lọ́mọ á ní wọ́n ń dárúkọ ẹ níbìkan ni 😂

Nọ́ọ̀sì Sènábù
Àbẹ̀kẹ́, ẹ má fojú kékeré wo ikọ́ yẹn o. Ọ̀nà èémí àti ọ̀nà oúnjẹ, inú ọ̀fun kan náà ni wọ́n ti pàdé kí wọ́n tó yà. Tí èèyàn bá fẹ́ gbé nǹkan mì, ìsàlẹ̀ ọpọlọ níbi ìpakò, ibi tó ti so mọ́ okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn, ló ń pàṣẹ: èémí á dúró díẹ̀, bí ìṣẹ́jú àáyá 1, gògóńgò á gbéra sókè, ìdérí á dé e, iṣan ohùn méjèèjì á pàdé, oúnjẹ á kọjá, ká tó wá mí síta. Ẹ fọwọ́ kan gògóńgò yín kí ẹ gbé itọ́ mì, ẹ máa mọ̀ ọ́n bó ṣe ń fò sókè. Ibẹ̀ náà lọ́pọlọ ló ń pàṣẹ ikọ́, ìyẹn ni kì í fi í jẹ́ kí èèyàn gbé nǹkan mì kó tún máa húkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Rọpárọsẹ̀ lè jẹ́ kí àṣẹ yẹn máa pẹ́. Àmàlà ń rọra lọ ní tiẹ̀, ó lè dúró de ìdérí. Omi ò dúró de ẹnì kankan.

Bọ̀dá Làmídì
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó fò lóòótọ́.

Nọ́ọ̀sì Sènábù
Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀. Àwọn tó ń húkọ́ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Màmá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa, rọpárọsẹ̀ náà ni. Ọmọ wọn ń fún wọn ní ògì, wọn ò húkọ́ rárá, inú gbogbo wa ń dùn. Ọjọ́ kẹta, mo ṣàkíyèsí pé tí wọ́n bá ti mu ún tán ohùn wọn á máa dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun. Ọjọ́ karùn-ún, ibà, wọ́n ń mí gúlegúle. Ògì ti ń lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀fun wọn ò sì mọ̀ ọ́n lára mọ́ tí ìbá fi ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé kó húkọ́. Òtútù àyà ló dà. A fi rọ́bà sí wọn nímú fún oúnjẹ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó bọ̀ sípò.

Tinúkẹ́
Èyí tí ẹ sọ yìí ló mú mi rántí rírọ ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá tó ṣì ń rọ ọmọ, ẹ gbọ́. Ìyá ọkọ mi gbé àkọ́bí mi sórí itan, wọ́n forí ẹ̀ kọ́ sísàlẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ se ẹnu ẹ̀ bí ife, wọ́n da ẹ̀kọ lé e, wọ́n fọwọ́ dí imú ẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́rin! Ó ń ké, ọ̀fun ẹ̀ ń kù, wọ́n ní ó ń mu ún ni.

Ìyá Àgbà Ẹ̀gbá
Gbogbo wa pátá ni wọ́n rọ, a ò kú. Ọmọ tí ò bá fẹ́ jẹun ńkọ́, kí ebi pa á?

Tinúkẹ́
Màmá, ẹ má bínú, àwọn tó kú ò sí níbí láti sọ tiwọn.

Nọ́ọ̀sì Sènábù
Màmá wa, mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, Tinúkẹ́ tọ̀nà. Ọmọ tó ń ké, ìgbà tó bá ń fa èémí sínú láti tún ké, ẹnu ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ṣí sílẹ̀ gbayawu. Téèyàn bá wá dí imú ẹ̀, ẹnu nìkan ló máa fi mí, ẹ̀kọ ló sì wà lẹ́nu. Ọmọ tí ò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọyàn ìyá tó o.

Ìyá Àgbà Ẹ̀gbá
Mo gbọ́ ti imú dídí yẹn. Ẹ̀mí ò ní bọ́.

Akin Ìjẹ̀bú
Ẹ jẹ́ n bi yín o. Kí ló dé tó jẹ́ pé tí mo bá ti ki ìyẹ́ adìyẹ bọ etí, ikọ́ ló ń mú mi? Ìyàwó mi ò gbà mí gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Sènábù
Ẹ sọ fún wọn pé òótọ́ ni. Iṣan kan ti ọpọlọ wá, ìkẹwàá nínú oríṣi 12 tó ti ibẹ̀ wá, òun ló ń gbé ìròyìn ọ̀fun lọ, ẹ̀ka kékeré ẹ̀ kan sì dé ihò etí. Ọpọlọ lè gbọ́ ti etí kó rò pé ọ̀fun ni. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe. Ẹ fi ìyẹ́ adìyẹ sílẹ̀ ṣá.

Bọ̀dá Làmídì
Tó bá jẹ́ ti ikọ́ tí ò lórí tí ò nídìí, oògùn ìfúnpá tí wọ́n ń pè ní lisinopril ló mú kí n máa hú ikọ́ gbígbẹ fún oṣù mẹ́rin. Mo lo àgbo, mo lo oyin, mo yẹ ikọ́ fée wò, kò sí. Ìgbà tí dókítà pààrọ̀ oògùn yẹn, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó lọ. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o, ẹ lọ sọ fún dókítà.

Fẹ́mi Leeds
Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe níbí. Ìyẹ̀fun kan wà tí a ń pò mọ́ omi kó lè ki, ó ní ìwọ̀n, látorí 0 dé 4 ni ti ohun mímu. Àmọ́ a kì í fojú lásán díwọ̀n ẹ̀, ẹni tó yẹ ọ̀fun aláìsàn wò ló ń sọ èyí tó yẹ ẹ́. Àbẹ̀kẹ́, kí Bàbá jókòó gbọnrangandan, kí àgbọ̀n wọn wálẹ̀ díẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún wọn, kí wọ́n má sì dùbúlẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ń jẹun tán.

Ìyá Ìbejì
Hẹn ẹn, àwa sì máa ń gbé àgbọ̀n aláìsàn sókè ká tó fún un lómi.

Àbẹ̀kẹ́ Ọmọ Ọ̀yọ́
Bí èmi náà ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn! Mo gbé irọ̀rí méjì sẹ́yìn wọn lónìí, mo fi síbí tíì fún wọn lómi, mo dúró, mo ní kí wọ́n pè mí lórúkọ kí n gbọ́ ohùn wọn kí n tó fún wọn ní òmíì. Síbí mọ́kànlá, ikọ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ọjọ́ Ajé la ń lọ sí ọsibítù. Ẹni tó ń yẹ ọ̀fun wò yẹn, kí ni wọ́n ń pè é kí n lè béèrè?

Nọ́ọ̀sì Sènábù
Speech therapist, ẹni tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ àti gbígbé nǹkan mì. Tí wọ́n bá ní Bàbá ti ń sọ̀rọ̀, kò nílò ẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé torí omi lẹ ṣe wá.