Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé Hyderabad, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo lè mú màmá mi lọ?

OmoEkiti_Adun

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè mi máa gùn díẹ̀, ẹ má bínú. Èmi àti màmá mi ń lọ sí Hyderabad ní Íńdíà lóṣù Jánúárì, ojú wọn la fẹ́ lọ ṣe. Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí tó jẹ́ pé bàìbàì ni wọ́n ń ríran, t'ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ má ríran mọ́ rárá, ife omi tó wà níwájú wọn, ńṣe ni wọ́n máa ń fọwọ́ wá a. Dókítà ní tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ náà tán wọ́n máa ríran dáadáa padà. A máa lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ká tó wá lo bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀ ká tó wọ bàálù padà sí Èkó.

Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ọsibítù sí ọ̀tẹ́ẹ̀lì, ọ̀tẹ́ẹ̀lì sí ọsibítù nìkan ni màmá máa mọ̀ nílùú oníìlú. Mo fẹ́ kí wọ́n fi ojú wọn wo nǹkan tó rẹwà. Àmọ́ ọmọ ọdún 71 ni wọ́n, orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò lè gun àtẹ̀gùn púpọ̀. Mo wo íntánẹ́ẹ̀tì, Charminar, Golconda, Ramoji, gbogbo ẹ̀ ti dàrú mọ́ mi lójú. Ibo ló yẹ ká lọ? Oúnjẹ ńkọ́, ṣé màmá á rí nǹkan jẹ?

Omo_Oje

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o, iṣẹ́ abẹ náà á yọrí sí ayọ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kàwé ní Hyderabad torí náà mo mọ ìlú yẹn bí ẹni mọ ojúlé. Ẹ má kó gbogbo ìrìn yín sí ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ. Eruku àti oòrùn ò dáa fún ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, dókítà ló sì máa sọ ọjọ́ tí màmá lè jáde. Tó bá jẹ́ èmi ni, ibi tó jẹ́ pé etí ni wọ́n máa fi gbádùn ẹ̀ ni máa mú wọn lọ ṣáájú, ibi tó jẹ́ ti ojú á wá kẹ́yìn.

Golconda ni ibi etí yẹn. Ìlú olódi àtijọ́ ni, orí òkè àpáta ni wọ́n kọ́ ọ sí, àtẹ̀gùn ẹ̀ lé ní 300, màmá ò ní gùn ún, kò sì pọn dandan kí wọ́n gùn ún. Tẹ́ ẹ bá ṣe wọlé báyìí, abẹ́ òrùlé rìbìtì kan wà lẹ́nu géètì, tí èèyàn bá pàtẹ́wọ́ níbẹ̀, ẹni tó wà ní góńgó òkè lọ́hùn-ún, tó tó kìlómítà kan síbẹ̀, máa gbọ́ ọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ̀ṣọ́ ìsàlẹ̀ lè ta ará òkè lólobó tí ọ̀tá bá dé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá kí mi, àwọn ni wọ́n dúró nísàlẹ̀, èmi wà lókè, mo gbọ́ ọ pẹ́, pẹ́, pẹ́. Mo fi fóònù pè wọ́n pé mo ti gbọ́, wọn ò gbà, àfìgbà tí mo sọ iye ìgbà tí wọ́n pa á. Ẹ wá ẹnì kan dúró ti màmá nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ̀yin gùn lọ sókè.

Ìtàn ibẹ̀ náà dùn. Ilẹ̀ ọba Golconda ni wọ́n ti wa àwọn dáyámọ́ǹdì tí gbogbo ayé ń jà lé lórí, wọ́n ní ibẹ̀ ni Koh-i-Noor tó wà lórí adé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti jáde. Ní 1687 Aurangzeb, ọba ńlá kan láti àríwá Íńdíà, kó ogun tì wọ́n fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, kò rí odi yẹn wọ̀, àfìgbà tí ẹnì kan láti inú ilé ṣílẹ̀kùn fún un lóru. Bíkú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Wọ́n máa ń fi iná àti ohùn sọ gbogbo ìtàn yẹn nírọ̀lẹ́, ẹ béèrè aago ti Gẹ̀ẹ́sì, ìjókòó ni, kò sí wàhálà orúnkún. Ẹ mú súwẹ́tà dání torí alẹ́ Jánúárì ibẹ̀ tutù, kẹ́ ẹ sì mú nǹkan tí wọ́n ń fi lé ẹ̀fọn.

Alhaja_Ileke

Àbúrò mi, o kú ìtọ́jú ìyá o, ọmọ tìẹ náà á ṣe é fún ẹ. Mo ti lọ Hyderabad tó ìgbà mẹ́fà torí péálì àti ẹ̀gbà ọwọ́ tí mò ń tà. Òótọ́ ni ọmọ yìí sọ. Èyí tó máa jẹ́ ti ojú ni Salar Jung Museum, ilé tí wọ́n ń kó nǹkan àtijọ́ àti iṣẹ́ ọnà sí. Inú ilé ni gbogbo ẹ̀, oòrùn ò sí, eruku ò sí, béèrè wheelchair lẹ́nu ọ̀nà torí yàrá ibẹ̀ ò lópin. Má sọ pé o fẹ́ rí gbogbo ẹ̀ o, ó máa rẹ màmá, nǹkan méjì péré ni kó o mú wọn lọ wò.

Àkọ́kọ́ ni ère obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Veiled Rebecca, ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Benzoni ló gbẹ́ ẹ. Òkúta mábù ni látòkè délẹ̀, àmọ́ ìbòjú wà lójú ẹ̀, wàá sì máa rí imú, ètè, ìpéǹpéjú láti abẹ́ ìbòjú yẹn bí ẹni pé afẹ́fẹ́ máa tó ṣí i. Òkúta kan náà ni ojú, òun náà ni aṣọ! Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí i mo dúró síbẹ̀ títí ọmọ tó mú mi lọ fi ní Alhaja, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Tí ojú màmá bá ti là, ibẹ̀ ni kó o gbé wọn lọ. Ìkejì ni aago kan, tó bá ti ń kù díẹ̀ kí wákàtí pé, èrò á ti jókòó dè é, bàbá onírùngbọ̀n kékeré kan á yọ jáde láti inú ẹ̀, á lu agogo iye ìgbà tí wákàtí bá wí, á padà wọlé. Aago méjìlá ọ̀sán ni kẹ́ ẹ lọ kẹ́ ẹ lè gbọ́ ọ tẹ́rùn.

Ààfin Chowmahalla náà dáa fún arúgbó, kò sí òkè níbẹ̀. Nizam ni wọ́n ń pe ọba wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gorí oyè. Ìdì iná onígíláàsì 19 ni wọ́n so rọ̀ ní gbọ̀ngàn tí ìtẹ́ wà. Mir Osman Ali Khan tó jẹ kẹ́yìn nínú wọn, òun ni ìwé ìròyìn Time gbé sí iwájú ní 1937 pé òun ló lówó jù láyé. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, àti Salar Jung àti Chowmahalla, wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Èmi ti gbé ara mi lọ lásán rí.

Charminar, ilé àtijọ́ tó ní ilé gogoro mẹ́rin ni, 1591 ni wọ́n kọ́ ọ, ìta ni kẹ́ ẹ ti wò ó, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Àtẹ̀gùn inú ẹ̀ 149 ni, ó há, ó sì ń yí po. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni ọjà Laad Bazaar wà, ibẹ̀ lo máa rí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Ó ní oje kan tí kòkòrò ń ṣe sára igi, wọ́n á yọ́ ọ lórí ẹ̀yinná, wọ́n á fà á gùn bíi gọ̀ọ̀mù, wọ́n á ká a rìbìtì, wọ́n á wá máa fi òkúta wínníwínní tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó gan. Tí kò bá bá ọwọ́ ẹ mu, á tún un yọ́ níwájú ẹ. Ná ọjà o, má tijú!

TundeAjani77

Kò sẹ́ni tó dárúkọ Ramoji Film City dáadáa, kí ló dé? Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé Guinness pé òun ni ilé ìyàwòrán fíìmù tó tóbi jù láyé, 1996 ni wọ́n ṣí i, àwọn ọmọ mi ò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ mú màmá lọ jọ̀ọ́, bọ́ọ̀sì ló ń gbé èèyàn kiri nínú ẹ̀.

Omo_Oje

Bọ̀dá Tunde, fún ọmọdé ẹ̀ẹ́ jẹ̀bi bẹ́ẹ̀ ò bá mú wọn lọ, èmi náà gbádùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tó 30 kìlómítà sí ìlú, odidi ọjọ́ ló ń gbà, ìta gbangba sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ojú fún, mi ò ní mú un lọ.

Ohun tí máa fi rọ́pò ẹ̀ ni Hussain Sagar, adágún omi tó wà láàárín ìlú. Ère Buddha ńlá kan dúró láàárín omi, òkúta kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ ẹ lára ẹ̀, gíga ẹ̀ tó mítà 18. Lọ́dún 1990 tí wọ́n ń gbé e lọ sójú omi, ó já bọ́ sínú omi, ó sì pa èèyàn, ìsàlẹ̀ omi ló wà títí di 1992 kí wọ́n tó fà á yọ. Ọkọ̀ ojú omi ń gbé èèyàn lọ sí ìdí ẹ̀ láti Lumbini Park, ẹ lọ nírọ̀lẹ́ tí iná bá ti tàn.

Torí pé Jánúárì ni, Numaish máa wà níbẹ̀. Ọjà ìpàtẹ ńlá ni, ọdọọdún ni, láti 1938 ló ti bẹ̀rẹ̀, Nampally ni wọ́n ti ń ṣe é, aṣọ, kápẹ́ẹ̀tì, èso gbígbẹ, oríṣiríṣi. Èrò pọ̀ o, ẹ tètè lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Oúnjẹ, bìríánì wọn ò ní ṣàjèjì sí màmá, ìrẹsì àti ẹran ni, ẹ kàn sọ pé kí ata ẹ̀ mọ níwọ̀n. Àárọ̀, idli, ìyẹn ìrẹsì lílọ̀ tí wọ́n fi ooru sè, àti tíì Irani tó ní mílíìkì, pẹ̀lú bísíkíìtì Osmania, bísíkíìtì yẹn níyọ̀ díẹ̀ ó sì dùn, ẹ rì í bọnú tíì. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kún ìgboro, auto ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n, mọ́tò tí wọ́n ń pè lórí fóònù ni kẹ́ ẹ máa lò fún màmá. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Íńdíà ń san ju tiwọn lọ, nígbà tí mo débẹ̀ kẹ́yìn 300 rúpíì lèmi san ní Charminar, 25 làwọn san, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Kola_niPeckham

Ohun kan wà tí ẹ ò tíì sọ, ó sì wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti débẹ̀. Àdúgbò kan wà nínú Hyderabad tó ń jẹ́ AC Guards. Mo rò pé ẹ̀rọ amúlétutù ni AC yẹn, àfìgbà tí wọ́n sọ fún mi pé African Cavalry Guards ni. Àwọn èèyàn aláwọ̀ dúdú láti ìlà oòrùn Áfíríkà ni Nizam fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ẹlẹ́ṣin, Siddi ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ṣì wà níbẹ̀, Urdu ni wọ́n ń sọ. Mo jókòó níbi tí wọ́n ti ń ta tíì, bàbá kan wọlé, iwájú orí ẹ̀, ìrìn ẹ̀, ẹ ẹ́ ní àbúrò bàbá mi ní Ìjẹ̀bú ni, mi ò lè gbé tíì mi mì. A ò gbédè ara wa, ó kàn di ọwọ́ mi mú pẹ́ títí. Ìlù marfa tí wọ́n ń lù níbi ìgbéyàwó ní Hyderabad, ọwọ́ àwọn Siddi yìí wà nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ nígboro ẹ dúró, ẹsẹ̀ màmá á gbé e.

Kò sí nǹkan ìran níbẹ̀ o, ilé àwọn èèyàn ni. Ẹ má na kámẹ́rà sí wọn lójú, ẹ kí wọn.

OmoEkiti_Adun

Omijé bọ́ lójú mi níbi ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Kola. Ẹ ṣé gan-an, Alhaja mi, ẹ ṣé, gbogbo yín pátá. Ọjọ́ Ajé la máa gúnlẹ̀, Golconda lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, adágún lọ́jọ́ kejì ẹ̀, Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ. Salar Jung máa di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tí dókítà bá gbà, mo ti ra gíláàsì dúdú sílẹ̀.

Mo ka gbogbo ẹ̀ sí màmá létí lálẹ́ àná. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ààfin, wọn ò sọ nǹkan kan nípa dáyámọ́ǹdì. Wọ́n kàn ní ṣé lóòótọ́ ni mo máa gbọ́ ọ láti òkè yẹn? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà á gbọ́. Wọ́n ní ó dáa, ẹ̀ẹ̀mẹrin làwọn máa pa á, torí ọmọ mẹ́rin làwọn bí.