Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àwọn àgbàlagbà mi ò lè dá ka Gẹ̀ẹ́sì

Olùkọ́Àjàṣẹ́
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àgbàlagbà méje ni mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́ níbí, ní Porto-Novo. Faransé ni wọ́n fi kàwé. Tí mo bá jókòó tì wọ́n, wọ́n á kà á já gaara. Tí mo bá ní kí wọ́n lọ kà á nílé, ojú ewé kan péré ni wọ́n á kà, ìtumọ̀ Faransé tí wọ́n kọ á ti bo gbogbo orí ọ̀rọ̀ bí èèrà. Kí ni kí n ṣe?

ÌyáÌbejì
Ìwé yẹn ló le jù fún wọn. Àwọn onímọ̀ èdè méjì, Hu àti Nation, ṣe ìwádìí kan ní 2000: kéèyàn tó lè dá ka ìtàn kó yé e dáadáa, nínú 100 ọ̀rọ̀, ó yẹ kó mọ bíi 98. Ẹ wá àwọn ìwé ìtàn pẹlẹbẹ tí wọ́n dìídì fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kọ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ tò ó kalẹ̀, kí kálukú mú èyí tó wù ú. Èyí tí ò bá dùn, kó jù ú sílẹ̀. Ẹ má sì fún wọn ní ìdánwò lórí ẹ̀ o!

Alásọ_Kétu
Ìtàn ò wu èmi o. Àtẹ̀jíṣẹ́ ẹni tí mò ń ra ọjà lọ́wọ́ ẹ̀ l'Ékòó ló kọ́ mi. Yorùbá la jọ ń sọ lórí fóònù, àmọ́ tó bá di kíkọ, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó ní kí n fi "balance" ránṣẹ́. Òṣùwọ̀n ni balance lédè Faransé, ni mo bá ń ronú pé kí ló fẹ́ fi òṣùwọ̀n mi ṣe!

Olùkọ́Àjàṣẹ́
Háà! Ṣé atúmọ̀ èdè lẹ wá yẹ̀ wò?

Alásọ_Kétu
Rárá. Mo kà á dé òpin, mo tún un kà, mo rí iye owó nísàlẹ̀. Owó tó kù lọ́rùn mi ló ń béèrè. Láti ìgbà náà, mo máa ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ̀ ni, màá sì máa kà á lọ. Tó bá parí, mẹ́ta péré ni mò ń wá ìtumọ̀ ẹ̀.

Ọmọ_Sakété
Ẹ má gbàgbé etí. Yorùbá, bá a ṣe kọ ọ́ la ṣe ń pè é. Ẹ wá wo though, through àti tough: "ough" ló parí gbogbo wọn, àmọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ń pè é. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ohùn ẹni tó ń ka ìwé náà bí ojú wọn ṣe ń tẹ̀ lé e.

Olùkọ́Àjàṣẹ́
Ẹ ṣé gan-an. Alásọ, ṣé mo lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn kọ́ wọn?

Alásọ_Kétu
Ẹ pa orúkọ ẹ̀ rẹ́ o. Mo ṣì jẹ ẹ́ lówó.