Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹun lọ́jà Mexico City, ẹ wá tọ́ wa sọ́nà o

Ìyá Ìbejì (Houston):
Ẹ káàárọ̀ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ọgbọ́n yín ni mo wá tọrọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní la máa lọ Mexico City, èmi, dádì àwọn ìbejì, àwọn ìbejì fúnra wọn (ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n), àti ìyá ọkọ mi tó wá kí wa láti Ìwó. Hòtẹ́ẹ̀lì sọ pé àwọn ní oúnjẹ, àmọ́ mi ò lè wọ bàálù dé Mẹ́síkò kí n wá jókòó máa jẹ búrẹ́dì àti ẹyin. Tákò ni mo fẹ́ jẹ, irú èyí táwọn ará ìlú ń jẹ lójú títì, mo sì fẹ́ wọ ọjà dáadáa. Nǹkan méjì ló ń bà mí lẹ́rù: inú rírun àwọn ọmọ, àti Mọ́mà tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, Alhaja ni wọ́n, wọn kì í fọ̀rọ̀ yẹn ṣeré rárá. Ẹ ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fọ́mọdé, ẹ má kàn sọ pé mo máa gbádùn ẹ̀.

Bọ̀dá Iléṣà (Dallas):
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mẹrin, iṣẹ́ ló gbé mi lọ lẹ́ẹ̀kan, oúnjẹ ló gbé mi lọ nígbà mẹ́ta tó kù. Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé tákò líle gbagidi tí wọ́n ń tà fún wa ní Texas níbí. Tọ́hùn-ún, tortilla àgbàdo rírọ̀ ni, ìyẹn búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó rí róbótó, kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi yìí, wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i kúrò lórí comal, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó wà lórí iná, wọ́n á kó ẹran lé e, wọ́n á bi yín "¿con todo?", ìyẹn ni pé ṣé kí wọ́n fi àlùbọ́sà àti ewé cilantro sí i, ẹ ní "sí". Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa bu ata sí i kẹ́ ẹ sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Tẹ́ ẹ bá gé e jẹ lẹ́ẹ̀mẹta ó ti tán, ìdí nìyẹn téèyàn fi ń jẹ mẹ́rin márùn-ún lórí ìdúró.

Tákò kọ̀ọ̀kan ló ní àkókò tiẹ̀ o, èyí lọ̀pọ̀ àlejò kì í mọ̀. Barbacoa jẹ́ ẹran àgùntàn tí wọ́n fi ewé maguey (ewéko kan tí ewé ẹ̀ gùn tó sì nípọn) bò, tí wọ́n á sè sínú ihò ilẹ̀ mọ́jú, àárọ̀ Sátidé àti Sọ́ńdè ni ẹ máa rí i, tẹ́ ẹ bá sùn títí di ọ̀sán ó ti tán. Tacos de canasta, inú apẹ̀rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n á fi aṣọ àti nylon bò ó kó má bàa tutù, àárọ̀ lòun náà. Al pastor ni ti alẹ́, òun ni wọ́n ń tò jọ sórí irin tó ń yí níwájú iná tí wọ́n fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó dé lórí. Tẹ́ ẹ bá rí i ẹ máa ní ṣàwámà nìyí, ẹ ò sì purọ́, àwọn ará Lẹ́bánónì tó ṣí lọ sí Mẹ́síkò ló gbé ọgbọ́n ẹran yíyí yẹn dé bẹ̀, àwọn onílé wá fi ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti fi ata àti achiote (kóró pupa tó ń pa oúnjẹ láwọ̀) pa lára rọ́pò àgùntàn.

Bí mo ṣe ń mọ ibi tí mo máa jẹun, ẹsẹ̀ èèyàn ni mo ń wò. Ibi táwọn awakọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ bàtà iṣẹ́, àwọn ìyá tó mú ọmọ dání bá dúró sí, ibẹ̀ ni mo máa ń lọ, torí ẹran ibẹ̀ kì í pẹ́ kó tó tán, kò ráyè bàjẹ́. Mo tún máa ń wò ó bóyá ẹni tó ń gba owó yàtọ̀ sí ẹni tó ń fọwọ́ kan ẹran. Tí wọ́n bá fi nylon wọ àwo kí wọ́n tó gbé tákò yín lé e, ẹ má bínú, ìmọ́tótó ni, tẹ́ ẹ bá jẹ tán wọ́n á bọ́ nylon yẹn dànù wọ́n á fi tuntun wọ̀ ọ́ fún ẹlòmíì.

Ẹ̀yìn oúnjẹ lẹ máa sanwó. Ọkùnrin tó ń gé ẹran á bi yín pé mélòó lẹ jẹ, ohun tẹ́ ẹ bá sọ ló máa gbà, ó máa ń wú mi lórí lójoojúmọ́. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání, kò sẹ́ni tó máa ṣẹ́ 500 pẹ́sò fún yín nídìí tákò mẹ́ta. Lọ́dọ̀ ATM ẹ ṣọ́ra, ẹ̀rọ máa ń bèèrè pé ṣé káwọn bá yín ṣírò ẹ̀ sí dọ́là lójú ẹsẹ̀, ẹ kọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí báǹkì yín nílé ṣe é. Mo tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" láìmọ̀ nígbà àkọ́kọ́, iye tí wọ́n yọ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà tó owó oúnjẹ alẹ́ méjì.

Àdùnní (Chicago):
Ẹ jẹ́ n gba ọ̀rọ̀ Alhaja sọ, torí ọ̀rọ̀ tèmi náà nìyẹn. Ẹlẹ́dẹ̀ tó wà lójú táyé ò níṣòro, al pastor, carnitas, chorizo, ẹ ti mọ̀ pé kẹ́ ẹ fò ó. Èyí tó fara pamọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Manteca ni wọ́n ń pe ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, ó máa ń wà nínú ẹ̀wà tí wọ́n gún tí wọ́n dín, ó máa ń wà nínú tamales (àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n dì sè), ó máa ń wà nínú tortilla fùláwà (ti àgbàdo lásán kì í sábà ní in). Suadero, ẹran màlúù ni lóòótọ́, àmọ́ inú páànù kan náà tí longaniza (sọ́séèjì) ẹlẹ́dẹ̀ ti ń hó ni wọ́n sábà ń sè é. Èyí tó wá dùn mí jù ni tacos árabes ní Puebla. Orúkọ yẹn ló tàn mí, mo ní oúnjẹ Lárúbáwá kẹ̀, mo ti jẹ méjì kí n tó bèèrè, ẹlẹ́dẹ̀ ni. Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà. Nítorí Ọlọ́run, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó jẹ.

Gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ máa kọ́ Mọ́mà, kí wọ́n há a sórí: "¿Lleva puerco o manteca?" Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ọ̀rá ẹ̀ wà nínú ẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wọn á dá yín lóhùn tòótọ́-tòótọ́, àwọn kan tiẹ̀ máa tọ́ka sí ẹni tí kò fi sí tiẹ̀.

Ohun tí wọ́n lè jẹ wá pọ̀. Tákò ẹja àti edé (ẹ bèèrè òróró tí wọ́n fi dín in), nopal tó jẹ́ ewé ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ti họ ẹ̀gún ẹ̀ kúrò, ó máa ń yọ̀ díẹ̀ bí ilá, Mọ́mà máa fẹ́ràn ẹ̀. Quesadilla (tortilla tí wọ́n ká, tí wọ́n fi nǹkan sínú ẹ̀) olódòdó elégédé náà wà, àmọ́ ní Mexico City ẹ gbọ́dọ̀ sọ pé ẹ fẹ́ ṣíìsì sí i, torí níbẹ̀ quesadilla lè wá láìní ṣíìsì. Barbacoa tí Bọ̀dá sọ, àgùntàn ni, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé èyí tí wọ́n fi Bísímílà pa nìkan ni Mọ́mà ń jẹ, ẹ fi wọ́n sọ́dọ̀ ẹja àti ewébẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Houston):
Àdùnní, Ọlọ́run á bù kún ẹ, ọ̀rọ̀ manteca yẹn, mi ò bá má mọ̀ ọ́n láé. Omi ńkọ́? Ata ńkọ́? Taiwo ń jẹ ata, Kẹ́hìndé á sunkún.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá (Manchester):
Omi ẹ̀rọ, ẹ má mu ún, ẹ má tiẹ̀ fi fọ eyín àwọn ọmọ. Omi inú ike tó ṣì dì pa ni kẹ́ ẹ rà. Ọsàn wẹ́wẹ́ kì í pa kòkòrò o, mo gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbóná tó ń rú èéfín lẹ jẹ lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ fi èso tí wọ́n ti gé sílẹ̀ sínú ife sílẹ̀ ná, èyí tẹ́ ẹ máa bó fúnra yín bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn ò léwu. Ẹ kó ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru) sápò láti ilé. Tí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, omi ara ẹ̀ lẹ kọ́kọ́ máa dá padà, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ẹ̀ tàbí ibà gbóná mọ́ ọn, ọ̀dọ̀ dókítà ni, kì í ṣe ilé elégbòogi. Ẹ tún rántí pé ìlú yẹn ga, 2,240 mítà ni sókè òkun, ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ lè máa mí hẹlẹhẹlẹ kórí sì máa fọ́ yín, kì í ṣe oúnjẹ ló fà á. Kí wọ́n má jẹun yó bámú lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ní ti ata, habanero àti ata rodo wa, ìdílé kan náà ni wọ́n, ẹ̀ ń lọ bá ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Fún Kẹ́hìndé ẹ sọ pé "sin chile", ìyẹn láìsí ata. Tí aláta bá sọ fún yín pé "no pica", ìyẹn ni pé kò ta, ẹ fi orí ṣíbí tọ́ ọ wò fúnra yín kẹ́ ẹ tó fún ọmọ.

Màmá Ṣadé (Atlanta):
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti sọ tákò, ẹ jẹ́ n sọ ọjà, torí inú ọjà Dùgbẹ̀ ni ìyá mi ti tọ́ wa dàgbà. La Merced ni kẹ́ ẹ lọ. Mẹ́tírò Line 1, 5 pẹ́sò lówó ẹ̀, stéṣọ̀n Merced, ẹ máa jáde bọ́ sáàárín ọjà gan-an. Ẹ fi fóònù sápò iwájú, ẹ má wọ góòlù.

Tẹ́ ẹ bá dé ìsọ̀ èèyàn, ẹ kí i kẹ́ ẹ tó bèèrè iye. "Buenos días" ni. Ẹni tó bá kàn nawọ́ sọ́jà tó ní "èló", ojú wọn á le, bí ojú ìyá mi ṣe máa ń le náà nìyẹn. Oníbàárà wọn, "marchanta" ni wọ́n ń pè é, ẹ̀yin náà lè pe olùtajà bẹ́ẹ̀. Àwọn míì á pe ẹ̀yin dúdú bíi tèmi ní "güerita", ìyẹn ẹni pupa, ìkẹ́ ni, ẹ má ka ìbínú sí i.

Mo dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó tẹ́ àpò sílẹ̀, ewé ló ń tà, ìdì kọ̀ọ̀kan ló fi okùn koríko so. Mo wò ó, mo ní tẹ̀tẹ̀ rèé! Ó ní "quintoniles". Mo gbọ́n ọn lọ́wọ́, mo run ún, mo gbóòórùn ẹ̀, tẹ̀tẹ̀ ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni pápàsan wà, "verdolagas" ni wọ́n ń pe tiẹ̀, wọ́n fi ń se ẹlẹ́dẹ̀ nínú ọbẹ̀ ata tútù. Mo ra ìdì mẹ́ta. Ọmọbìnrin kan tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kí n bèèrè "pilón" mi. Mo ní kí ni pilón. Ó ní ìyẹn díẹ̀ tí wọ́n máa ń fi lé e fún ẹni tó rajà. Èènì! Mo pariwo sókè lọ́jà ọlọ́jà. Mo yíjú sí ìyá yẹn, mo ní "¿y mi pilón, marchanta?" Ó rẹ́rìn-ín, eyín ẹ̀ iwájú ti yọ kan, ó bu pápàsan ẹ̀kúnwọ́ kan, ó wò ó, ó tún bu díẹ̀ kún un, ó tẹ̀ ẹ́ bọ inú àpò mi. Bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́ nìyẹn, ẹ̀kúnwọ́ kan, àti ìdajì tó máa ṣe bí ẹni pé kò fẹ́ fún un.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo wá ń rí ilé níbi gbogbo. Agua de jamaica tí wọ́n ń bù látinú ìgò ńlá, ìsápá ni, zobo tiwa nìyẹn, wọn kì í kàn fi atalẹ̀ sí i. Atole àárọ̀, ògì àgbàdo gbígbóná ni (ẹ ní kí wọ́n fún àwọn ìbejì). Tamales, ẹ ronú àbàrí tí wọ́n fi háhá àgbàdo dì dípò ewé. Pipián, kóró elégédé lílọ̀ ni wọ́n fi ń se é, èmi pè é ní ẹ̀gúsí wọn. Tí ẹnikẹ́ni bá ń kọjá lọ tẹ́ ẹ̀ ń jẹun, ó máa ní "provecho", ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó dà bí "á gba ibi ire" tiwa.

Ọjà Sonora ò jìnnà síbẹ̀, ọjà tewé-tegbò ni. Mo rí ìlẹ̀kẹ̀ búlúù àti funfun, mo bèèrè orúkọ ẹ̀, ọkùnrin yẹn ní "Yemayá". Mo ní Yemọja, odò Ògùn ló ni, ọ̀dọ̀ wa ló ti wá. Kúbà ni ẹ̀sìn yẹn gbà dé bẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè sọ, mo kàn di ìlẹ̀kẹ̀ náà mú fúngbà díẹ̀.

Bọ̀dá Iléṣà (Dallas):
Màmá ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Ìbejì, tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà bá ń wu Mọ́mà, ọjà Medellín ní àdúgbò Roma Sur ni kẹ́ ẹ lọ, àwọn ará Kúbà àti Kòlóńbíà ń rajà níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ wà, àgbagbà wà. Ṣé Mọ́mà ní físà Amẹ́ríkà tí ọjọ́ ẹ̀ ò tíì tán? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò nílò físà Mẹ́síkò láti lọ gbafẹ́ pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, àmọ́ ẹ yẹ ojú ewé consulate Mẹ́síkò wò lọ́sẹ̀ yìí, òfin físà kì í jókòó sójú kan.

Àdùnní (Chicago):
Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀, gbogbo oúnjẹ tó wà nínú ẹrù yín ni kẹ́ ẹ sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù, kódà tó bá jẹ́ ìsápá gbígbẹ. Ata gbígbẹ àti ìsápá mi kọjá lẹ́yìn tí wọ́n wò ó. Píà tútù àti tẹ̀tẹ̀ Màmá Ṣadé, ẹ jẹ ẹ́ tán níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá bá lápò yín tẹ́ ẹ ò sọ ló ń mú ìtanràn wá.

Ìyá Ìbejì (Houston):
Físà Mọ́mà ṣì wà títí ọdún tó ń bọ̀, a dúpẹ́. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ sétí wọn, nígbà tí mo dé ibi èènì wọ́n dìde jókòó, wọ́n ní àwọn máa mú àpò tàwọn láti Ìwó dání. Wọ́n ti ń sọ "lleva puerco o manteca" kiri ilé látàárọ̀, Kẹ́hìndé ló ń tún ohùn wọn ṣe. Màmá Ṣadé, ọjọ́ wo ló dáa jù ní La Merced?

Màmá Ṣadé (Atlanta):
Àárọ̀ Tuesday tàbí Wednesday, aago mẹ́sàn-án, kí èrò tó kún. Tẹ́ ẹ bá rí ìyá ẹléwé kan tí eyín ẹ̀ iwájú ti yọ kan, ẹ bá mi kí i. Ẹ ra ìdì mẹ́ta.